Kọ́kọ́rọ́ ń yí, àgádágodo ò ṣí: níbo ni agbára ọwọ́ yín ń lọ?

Ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí èmi tí mò ń tún àgádágodo ṣe nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹja dídì ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí etí ọ̀sà. Lọ́dún tó kọjá mo ra àgádágodo ńlá kan sí ilẹ̀kùn yàrá tí mò ń kó ẹja dídì sí, èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rí bí ọ̀pá roboto tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n wá fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi púpọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ló ti máa ń yí díẹ̀ lófìfo kó tó mú nǹkan. Ní báyìí, ó ti ń há. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi púláyà yí i, kọ́kọ́rọ́ náà sì lọ́. Ẹnì kan ní sípíríńgì inú rẹ̀ ló ti kú, ẹlòmíràn ní kí n da ẹ́ńjìn-ọ́ìlì sí i. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kọ́kọ́rọ́ aládùúgbò mi wọ inú tèmi, ó sì yí díẹ̀. Ṣé kí n ní kí wẹ́dà wá gé e dànù ni?"

Ẹ kú ọjà o, Mọ̀mí. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣì sinmi ná. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kọ́kọ́rọ́ tó lọ́ yẹn ni àìsàn tó dájú. Yíyí tí ẹ ní ó ń yí lófìfo, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn láti ilé iṣẹ́, kò tọ́ sí ẹ̀bi. Ẹni tó sọ̀rọ̀ sípíríńgì kò tíì tú irú rẹ̀ rí, torí kò sí sípíríńgì kankan lára àwọn àwo, ìyẹn irin roboto fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ yín ń yí nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà nínú àgádágodo náà, èyí tó ń ti ọrùn rẹ̀ sókè ni, ìyẹn irin tó tẹ̀ lórí rẹ̀ tí a fi ń kọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ aládùúgbò kò le tó bí ẹ ṣe rò, àmọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Màá dé orí ìyẹn.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé àgádágodo onípíìnì la fi mọ àgádágodo. Ìyẹn ni èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí eyín rẹ̀ rí ṣóńṣó-ṣóńṣó. Linus Yale, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1861, èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wa lónìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Nínú ìyẹn, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọlé ni eyín rẹ̀ ti ń gbé àwọn píìnì sókè, tí sípíríńgì sì ń tì wọ́n padà. Kí ọwọ́ tó yí i rárá, àgádágodo ti mọ̀ bóyá onílé ló dé tàbí àjèjì. Kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í yí níbẹ̀. Tí ó bá sì ti yí, ó ti ṣí nìyẹn. Ẹni tó bá gbé òye yẹn wá sí ìdí tiyín, ó di dandan kó rò pé nǹkan kan ti já nínú rẹ̀.

Tiyín jẹ́ aláwo. Emil Henriksson, ará Fínláńdì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1907. Àwọn àwo tó ń yí nínú ẹ̀rọ ìgbowó tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀bù ló ti rí ọgbọ́n náà. Ilé iṣẹ́ Abloy, tó ti ara iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ṣì ń ṣe wọ́n di òní, àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà náà sì ń ṣe oríṣiríṣi tó jọ ọ́, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa. Nítorí pé kò sí sípíríńgì tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò há tàbí tí yóò dógùn-ún nínú rẹ̀, ó dára fún ibi tí yìnyín wà, ó dára fún ìdí ọkọ̀ ojú omi, ó sì dára fún ẹni tó ń ta ẹja létí ọ̀sà. Nítorí náà, ohun tí ẹ rà kò burú.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ sórí tábìlì. Àgbá irin kékeré kan tó ṣófo nínú ló máa kọ́kọ́ jáde. Inú àgbá yìí ni àwọn àwo idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tò sí. Wọ́n lè má ju 5 tàbí 6 lọ nínú èyí tó rọjú, wọ́n sì lè tó 11 nínú èyí tó gbówó lórí. Àárín àwo kọ̀ọ̀kan ní ihò tó rí bí ìdajì òbìrípo, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbà kọjá. Etí àwo kọ̀ọ̀kan ní ẹnu kan tí wọ́n gé wọnú, ibi tí ẹnu yìí wà sì yàtọ̀ láti àwo kan sí èkejì. Láàárín àwo méjì, wọ́ṣà kan wà tí kì í yí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó má jẹ́ kí àwo kan wọ́ ìkejì rẹ̀ lọ. Ó wá ku ọ̀pá ẹ̀gbẹ́: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Ìdajì ara rẹ̀ wà nínú ihò gbọọrọ tí wọ́n là sára àgbá, ìdajì kejì sì wà nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri àgádágodo. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá yìí bá ṣì há sáàárín àgbá àti ògiri, kò sí bí àgbá ṣe lè yí. Òun gan-an ló ń ti àgádágodo yín. Àwọn àwo kàn ń sọ fún un ìgbà tó lè kúrò lọ́nà ni.

Tí ẹ bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú rẹ̀, kò sí ohun tó mì. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yín sí ibi tí iná ti mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fá yẹn. Ẹ máa rí i pé wọn ò gé e wọlẹ̀ tààrà. Ńṣe ni wọ́n fá a dagun. Ibì kan wà tí wọn ò fọwọ́ kàn rárá, ibì kan wà tí wọ́n bù díẹ̀ kúrò, ibì kan sì wà tí wọ́n bù púpọ̀. Ibi tí wọn ò fọwọ́ kàn máa ń mú àwo tirẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ọwọ́ yín bá ti gbéra. Ibi tí wọ́n bù máa ń yí lófìfo kó tó kan àwo tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bù ú tó ni àwo náà ṣe ń pẹ́ kó tó gbéra. Ẹ fojú inú wo bóòtù ẹlẹ́ńjìnì kan tó so ọkọ̀ alájẹ̀ mélòó kan mọ́ ìdí, tí okùn wọn ò gùn dọ́gba. Bóòtù á ti máa lọ, ọkọ̀ olókùn kúkúrú á ti tẹ̀ lé e, olókùn gígùn á ṣì dúró síbi tó wà títí okùn tirẹ̀ á fi le. Nígbà tí bóòtù bá dúró, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti rin ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣèèṣì dé ibi tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni tàwọn àwo. Nínú irú èyí tí Henriksson ṣe, ìdámẹ́rin òbìrípo, ìyẹn 90 dígírì, ni kọ́kọ́rọ́, tó dúró fún bóòtù, ń rìn, oríṣi fífá 6 ló sì wà. Wọ́n gé ẹnu sí etí àwo kọ̀ọ̀kan síbi tó jẹ́ pé, tí àwo náà bá rin ìwọ̀n tirẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ á bọ́ sí ojú ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ géérégé. Yíyí tí ẹ pè ní òfìfo yẹn ni gbogbo ìdánimọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Títí dé ibẹ̀, agbára tí ọwọ́ yín ń ná kò tó nǹkan. Àwo idẹ fẹ́lẹ́ lẹ kàn ń fi rìn lójú wọ́ṣà, ìka méjì tó o. Agbára gidi ń bọ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀nà tó sì ń gbà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Àwo tó wà níbi tí wọn ò fá rárá yẹn ní etí kékeré kan tó yọ síta, tó ń rìn nínú àyè tí wọ́n gé fún un lára àgbá. Bí ó bá ti rin ìdámẹ́rin òbìrípo pé, etí náà á kan òpin àyè rẹ̀. Kò tún ráyè lọ mọ́, àfi kó máa ti àgbá fúnra rẹ̀. Bí àgbá bá ṣe fẹ́ yí báyìí, ẹ̀gbẹ́ kòtò ara ògiri, tí wọ́n gbẹ́ dagun, á máa ti ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ wọ inú. Tí gbogbo ẹnu bá ti tò sójú kan, ọ̀pá á rì sínú wọn, á kúrò nínú kòtò, àgbá á sì bọ́. Láti ìgbà yẹn lọ, kọ́kọ́rọ́, àwo, ọ̀pá àti àgbá ti di ara kan. Ìdí àgbá á yí irin tó di àwọn ọmọ béárìnì mú, ìyẹn bọ́ọ̀lù irin kékeré tó ń di ọrùn mú, àwọn béárìnì á sún wọlé kúrò lára ọrùn, ọrùn á fò sókè.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe gbogbo ara kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé ẹrù dọ́gba. Agbára ń ti orí kọ́kọ́rọ́ níbi tí ẹ dì mú, ó ń gba ara rẹ̀ lọ títí dé ibi tí wọn ò fá, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sára àwo, láti ara àwo sínú àgbá. Àwọn ibi tí wọ́n fá ń ṣètò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà lè bá a gbé díẹ̀ nígbà tí ọ̀pá bá ti so gbogbo wọn pọ̀. Tí ibi tí wọn ò fá bá wà nítòsí orí, kọ́kọ́rọ́ yín á pẹ́. Tí ó bá jẹ́ ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ ló wà, gbogbo agbára gbọ́dọ̀ gba àwọn ibi tí wọ́n ti bù tín-ín-rín kọjá kó tó débẹ̀, ibi tó tín-ín-rín jù nínú wọn ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ́. Tí ẹ bá wo tiyín, mo lérò pé ibi tí wọ́n fá jù lọ ló ti lọ́.

Púláyà yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ọmọ yín. Ìka èèyàn ní ibi tó lè fi agbára dé. Púláyà kò ní, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́ ohun tí àgádágodo ń wí. Tí àwo kan bá há, tàbí tí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ò rí ẹnu tó máa wọ̀, agbára tí ẹ bá fi kún un kò lè ṣí i láéláé, torí agbára kọ́ ló ń tò àwọn ẹnu. Irin tó ń ti àgádágodo le ju kọ́kọ́rọ́ lọ, kọ́kọ́rọ́ ló máa jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó bá sì ti lọ́, bó ti wù kó kéré mọ, ti ba ìṣirò jẹ́: nígbà tí orí rẹ̀ bá ti yí dé 90, ṣóńṣó rẹ̀ ò tíì dé ibẹ̀, àwọn àwo tó wà ní ìsàlẹ̀ á rìn kù, ẹnu wọn ò ní bọ́ sójú ọ̀pá. Ó lè ṣí lónìí kó kọ̀ lọ́la. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni fi òòlù tọ́ ọ. Bó ti wù kó tọ́ lójú, á ti rẹ̀ ẹ́ níbi tó ti lọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí i ó máa kán sínú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àìsàn wà, ìka méjì ni kí ẹ fi yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ kíyè sí ibi tó ti dúró. Tí ó bá dúró kó tó pé ìdámẹ́rin òbìrípo, iyọ̀ tàbí iyanrìn ló wà láàárín àwo àti wọ́ṣà. Tí ó bá pé ìdámẹ́rin dáadáa tó wá dúró gbọn-in, àwo kan ni ẹnu rẹ̀ kò bọ́ sójú; kọ́kọ́rọ́ tó lọ́ tàbí èyí tó ti jẹ ni, tàbí kí ìdọ̀tí ti jẹ́ kí àwo kan wọ́ èkejì kọjá ibi tó yẹ kó dé. Tí ó bá sì kọjá ìdámẹ́rin, tó kàn wá wúwo, ẹ fi àwọn àwo sílẹ̀, iṣẹ́ tiwọn ti parí. Ọrùn àgádágodo ni ilẹ̀kùn ń fà. Ẹ ti ilẹ̀kùn wọlé díẹ̀, kí ẹ tẹ ọrùn àgádágodo mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ tún yí i. Ilẹ̀kùn tó ti sọ̀ kalẹ̀ lára ìdè rẹ̀ máa ń fa irú èyí, mo sì ti rí i tí àwọn èèyàn ra àgádágodo tuntun nígbà tó jẹ́ pé ìdè ilẹ̀kùn ló yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Ohun kan tún wà tí àìsí sípíríńgì ń fà: kò sí ohun tó máa dá àwọn àwo padà fúnra wọn. Kọ́kọ́rọ́ tó kó wọn lọ náà ló gbọ́dọ̀ kó wọn bọ̀. Nítorí náà, tí ó bá kọ̀, ẹ má máa mì í jìgìjìgì níbi tó há sí. Ẹ dá a padà pátápátá síbi tó ti gbéra, títí ẹ ó fi gbọ́ pé ó kan, kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ìyẹn nìkan máa ń tún àwo tó ti kọjá ààyè rẹ̀ ṣe. Ẹ má sì fa kọ́kọ́rọ́ nígbà tó bá wà ní àárín ìyípo. Kò lè jáde níbẹ̀, torí ihò àwọn àwo ò tò sójú kan náà mọ́.

Ó kan ti epo. Ẹ́ńjìn-ọ́ìlì á kọ́kọ́ dà bí oògùn, àmọ́ ó nípọn, gbogbo iyanrìn tó bá fẹ́ kọjá ló máa dì mú, láìpẹ́ á di ẹrẹ̀ dúdú láàárín àwọn wọ́ṣà. Gíríìsì tún burú jù ú lọ. Kẹrosíìnì ń fọ epo àtijọ́ kúrò, àmọ́ kì í yọ́ iyọ̀, iyọ̀ gan-an sì ni ọ̀tá yín, pàápàá nígbà tí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹja, tí omi ẹja ń kán ní ìka rẹ̀, bá ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Omi lásán ló ń yọ́ iyọ̀. Tí ẹ bá ti rí i ṣí, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ máa yí kọ́kọ́rọ́ lọ bọ̀ nínú rẹ̀ kí omi lè dé àárín àwọn àwo, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú ihò rẹ̀ kọlẹ̀ nínú oòrùn títí á fi gbẹ dénú. Ìgbà náà lẹ tó kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, ẹ̀kán bíi mẹ́ta, kí ẹ yí i lọ bọ̀, kí ẹ nu èyí tó bá ṣàn jáde. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé tiwọn wá bá mi ní Ìkòròdú láti ẹsẹ̀ omi Ìpakodò, ohun tí mò ń ṣe fún wọn nìyẹn, kì í sábà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti aládùúgbò yín: kọ́kọ́rọ́ èyíkéyìí tí ìrísí rẹ̀ bá bá ihò yín mu máa wọlé, á sì yí, torí pé apá àkọ́kọ́ ìyípo ò kọ ẹnikẹ́ni. Àwọn àwo á rìn, àmọ́ ẹnu wọn á tò sí ibi tí kò yẹ, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ á sì dúró gbọn-in. Ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tí mi ò ní fi pamọ́ ni pé nínú àwọn tó rọjú, àwo kéré, wọ́n sì máa ń gé ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kọ́kọ́rọ́ méjì tó sún mọ́ ara wọn lè ṣí àgádágodo kan náà. Ẹ ní kí aládùúgbò yín yọ̀ǹda tirẹ̀ kí ẹ dán an wò dáadáa, kí ẹ yí i títí dé òpin, kí ẹ sì dán tiyín wò lára tirẹ̀. Tí ọ̀kan bá ṣí èkejì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má tún ná owó àtúnṣe kankan lé e.

Tí kò bá ṣí, ẹ wá èkejì kọ́kọ́rọ́ tó bá àgádágodo náà jáde nínú páálí, èyí tí ẹ fi pamọ́ tí ẹ kì í lò. Tí ó bá wà, tó sì ṣí i wọ́ọ́rọ́wọ́, ó fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ tó lọ́ nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu. Òun ni kí wọ́n fi ṣe àwòkọ, kì í ṣe èyí tó lọ́. Ibi tí ẹ ó gbé e lọ náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò létí títì, kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ la fi ń gé, ó ń tẹ̀ lé gíga eyín. Kò lè fá nǹkan dagun. Àwọn kan nínú wa ń fi fáìlì fá a lọ́wọ́. Mo ti rí ọwọ́ tó mọ́ ọn ṣe, mo sì ti rí èyí tó ṣí fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ dán an wò lójú ẹni tó gé e, kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá sí èkejì mọ́, ẹni tó bá lè tú àgádágodo náà lè wo ẹnu àwọn àwo kó sì fá kọ́kọ́rọ́ tuntun láti ara wọn, àmọ́ iṣẹ́ yẹn gba àkókò, fún àgádágodo tó rọjú, owó rẹ̀ lè sún mọ́ ti tuntun. Láti ibi tí mo wà, mi ò lè rí inú tiyín. Bí púláyà bá ti tẹ etí àwo tó ń ti àgbá, kọ́kọ́rọ́ tó dára jù láyé ò ní tún un ṣe, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n nípa pé á máa yí kọjá ìdámẹ́rin òbìrípo láìmú ohunkóhun.

Tí ó bá wá di dandan kí wọ́n gé e, kí wẹ́dà gé ẹsẹ̀ ọrùn méjèèjì, torí nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ọmọ béárìnì di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, gígé ẹ̀gbẹ́ kan nìkan lè má jẹ́ kó yí kúrò. Kí ó má fọwọ́ kan ìdè ilẹ̀kùn. Kí ẹ sì fi àpò tí ẹ rẹ sómi bo ara ilẹ̀kùn kí ó tó tan gíráńdà rẹ̀, torí fóòmù tí wọ́n kó sínú ògiri ilé ẹja dídì máa ń gbaná, ẹ̀ta iná kan tó bá ti ara gíráńdà wọ ojú ihò lè máa jó lọ nínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ rí iná. Kí omi garawa kan wà nítòsí, kí ẹ má sì tilẹ̀kùn lọ sílé títí ẹ ó fi fọwọ́ ba ògiri náà pé kò gbóná.